Ìwé Tí Ń Kú Lórí Pẹpẹ: Ìjíròrò Lórí Ìpamọ́ Ìwé Orílẹ̀-Èdè àti Kíkó Wọn Sínú Kọ̀ǹpútà

ATỌ́KÙN: Ọ̀rọ̀ ìwé ni a gbé ka orí àtẹ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Kì í ṣe ti kíkà rẹ̀ bí kò ṣe ti ìpamọ́ rẹ̀. Màmá tí wọ́n jókòó tì mí yìí lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ ilé ìkàwé kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá wa la ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìwé àtijọ́ orílẹ̀-èdè wa yé wa, kí wọ́n sì ṣàlàyé iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń pè ní kíkó ìwé sínú kọ̀ǹpútà. Màmá, ẹ káàbọ̀ sí orí ètò wa.

ÀLEJÒ: Ẹ ṣeun, ọ̀gbẹ́ni atọ́kùn. Mo kí ẹ̀yin òǹwòran náà níbi tí ẹ wà. Kí n tó mẹ́nu ba òfin tàbí ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ìgbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí ilé ìkàwé kan tí n kò ní dárúkọ. Ó ní bàbá àgbà òun kọ lẹ́tà kan sí olóòtú ìwé ìròyìn Yorùbá kan ní ọdún 1927, lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìdílé wọn, òun sì fẹ́ fi ojú ara òun rí i. Ìwé ìròyìn náà wà lọ́wọ́ wa. Mo wo káàdì, mo rí nọ́ńbà rẹ̀, mo sì lọ gbé e wá fúnra mi. Okùn ni wọ́n fi dì í. Bí mo ti tú okùn náà tí mo fẹ́ ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó dá sí méjì. Mo fi pátákó pẹlẹbẹ gbé èkejì. Ó rún wómúwómú bí ewé gbígbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn kò bú wa, kò sì bínú. Ó tọrọ àpò ìwé kan lọ́wọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èérún ìwé náà sínú rẹ̀. Ikán kò jẹ ìwé náà, òjò kò pa á, ẹnikẹ́ni kò sì jí i. Orí pẹpẹ tí a gbé e sí ni ó kú sí.

ATỌ́KÙN: Kí ni ó wá pa á, Màmá?

ÀLEJÒ: Ohun tí a fi ṣe é ni ó pa á. Ní ayé àtijọ́, àkísà aṣọ ọ̀gbọ̀ àti ti òwú ni àwọn ará Yúróòpù ń gún láti fi ṣe tákàdá. Irú tákàdá bẹ́ẹ̀ le, ó sì ń pẹ́. Nígbà tí ó di nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tí àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn pọ̀ ju àkísà tí ó wà lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ṣe é. Igi pọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ti àkísà. Ṣùgbọ́n èròjà kan wà nínú igi tí a ń pè ní lígínì. Òun ni ó ń mú kí igi dúró gbọn-in. Bí oòrùn àti afẹ́fẹ́ bá ti ń kan lígínì inú tákàdá, a máa sọ tákàdá náà di àwọ̀ ilẹ̀. Wọ́n tún ń po álọ́ọ̀mù mọ́ tákàdá kí tàdáwà má baà tàn ká lójú rẹ̀. Álọ́ọ̀mù yìí, bí ó bá ti pàdé ọ̀rinrin, ásíìdì ni ó ń bí. Ásíìdì náà ni ó ń gé àwọn fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín tí ó so tákàdá pọ̀, díẹ̀díẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru, yálà ẹnì kan ṣí ìwé náà tàbí ẹnikẹ́ni kò ṣí i.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá. Ìwé tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1700 lè le ju ìwé ìròyìn tí a tẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1930 lọ. Ọdún 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther ṣe jáde. Ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend tẹ Ìwé Ìròhìn àkọ́kọ́ jáde ní Abẹ́òkúta. Èyí já sí pé àkókò tí àwọn òyìnbó ń fi tákàdá àkísà sílẹ̀ lọ bá tákàdá igi gan-an ni èdè wa wọ inú ìwé títẹ̀. Orí tákàdá tí kò lágbára ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a tẹ̀ wà. Mo ti ronú sí i lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń dùn mí, nítorí kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kankan nínú wa.

ATỌ́KÙN: Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ńkọ́? Àwọn kan sọ pé àwọn ni olórí ọ̀tá ìwé.

ÀLEJÒ: Àwọn ni wọ́n ń ran ásíìdì lọ́wọ́. Bí ooru ti ń pọ̀ sí i ni iṣẹ́ ásíìdì ń yára sí i. Ọ̀rinrin ní tirẹ̀, bí ó bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 65 nínú 100 nínú afẹ́fẹ́ yàrá kan, tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìwé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bu, bí búrẹ́dì tí a gbàgbé sínú ọ̀rá ṣe máa ń bu. Ní Èkó àti ní gbogbo etí òkun wa, ọ̀rinrin kì í sábà sọ̀ kalẹ̀ dé ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ikán, aáyán, àti kòkòrò kékeré aláwọ̀ fàdákà tí ẹ máa ń rí tí ó ń sá lọ bí ẹ bá ṣí ìwé tí ó ti pẹ́. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwa òṣìṣẹ́ ń fi ọwọ́ ara wa ṣe, tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá gbọ́. A máa ń tan ẹ̀rọ amúlétutù ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, a sì ń pa á ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bí a bá ń lọ sílé. Ìwé yóò tutù ní ọ̀sán, yóò gbóná ní òru, yóò fẹ̀, yóò sún kì, lójoojúmọ́. Ó sàn kí yàrá kan gbóná níwọ̀nba kí ó sì dúró lójú kan, ju kí ó máa gùn kí ó máa sọ̀ lọ. Mo mọ̀ pé iná mànàmáná kì í dúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé ẹni tí ó bá ń yàwòrán ilé ìkàwé ní ilẹ̀ yìí, kí ó kọ́kọ́ rántí ògiri tí ó nípọn, òrùlé tí ó nà jáde dáadáa, àti fèrèsé tí ó kọjú sí ara wọn, kí ó tó rántí ẹ̀rọ.

ATỌ́KÙN: Àwọn ọ̀dọ́ lè sọ pé, kí ni ó wà nínú àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ wọ̀nyí tí a fi ń dààmú?

ÀLEJÒ: Kí wọ́n bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, n ó sì dá wọn lóhùn. Láàárín ọdún 1922 sí 1928 nìkan, ẹ wo iye ìwé ìròyìn tí ó jáde: Eko Akete ti Adeoye Deniga ní 1922, Eleti Ofe ti E. A. Akintan ní 1923, Yoruba News ti D. A. Obasa ní Ìbàdàn ní 1924, àti Akede Eko ti I. B. Thomas ní 1928. Inú wọn ni ẹ ó ti rí owó oṣù, iye owó iṣu, ẹjọ́ ilẹ̀, ìjà oyè, ìkìlọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn, ewì, àti èébú pàápàá, nítorí àwọn olóòtú wọ̀nyẹn mọ èébú bú. Nínú Akede Eko yìí ni lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 1929, tí obìnrin kan tí ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ayé tí ó jẹ. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní tòótọ́. I. B. Thomas ni ó ń kọ ọ́. Ní ọdún 1930 ni ó di ìwé odindi, àwọn onímọ̀ sì kà á sí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà. Ní ọdún 2012 ni Karin Barber tún tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi hàn bí ìtàn náà ti wọnú àwọn ìròyìn àti lẹ́tà mìíràn inú ìwé ìròyìn ìgbà náà. Kò bá tí ṣeé ṣe bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀dà ìwé ìròyìn náà ti rún.

ATỌ́KÙN: Ṣé kò sí òfin tí ó ní kí a máa kó ìwé pamọ́ ni?

ÀLEJÒ: Òfin wà, òfin náà sì dára. Ọdún 1964 ni a dá Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sílẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1970 ni òfin kejì fún un ní agbára sí i. Òfin yẹn sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá tẹ ìwé jáde ní ilẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ kó ẹ̀dà mẹ́ta wá, láàárín oṣù kan, kí ó sì fi owó ara rẹ̀ gbé e. Méjì nínú rẹ̀ ni a ó pa mọ́ títí láé. Ẹ̀kẹta a lọ sí ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kó ẹ̀dà 25 wá, ìjọba ìpínlẹ̀ 10. Àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá ń gbìyànjú, pàápàá nítorí pé ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gba nọ́ńbà tí a ń tẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé. Àwọn tí kì í wá ni àwọn ìtẹ̀wé kéékèèké: ìtàn ìlú tí olóyè kan kọ tí ó sì fi owó ara rẹ̀ tẹ̀, ìwé orin ìjọ, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Àwọn ohun tí kò sí ní ibòmíràn ní gbogbo ayé nìyẹn. Ìwé ètò ìsìnkú kan ṣoṣo a máa gbé ìtàn ìdílé, oríkì, àti àwòrán ogójì ọdún. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti kọjá, ẹ ó rí i lọ́wọ́ ẹni tí ń ta ẹ̀pà.

Ní ti ilé tí ó yẹ kí a kó wọn sí, ẹ̀yin náà mọ ìtàn rẹ̀. Ọdún 2006 ni a gbé iṣẹ́ ilé ńlá tí yóò jẹ́ olú ilé ìkàwé náà ní Àbújá jáde. Nígbà tí ó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, kò tíì parí, ìyàwó Ààrẹ, Olúrẹ̀mí Tinúbú, sì bẹ àwọn tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀bùn kí i kú ọjọ́ ìbí ọdún 65 pé kí wọ́n fi owó náà sí àpò tí a ó fi parí rẹ̀. Mo yọ̀ pé owó wọlé. Síbẹ̀, ara mi kò gbà á tán pé ọjọ́ ìbí ni a ń retí kí ilé ìwé orílẹ̀-èdè tó ní òrùlé.

ATỌ́KÙN: Ẹ jẹ́ kí a dé orí kọ̀ǹpútà wàyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò le: kí a ya ìwé ní fọ́tò pẹ̀lú fóònù, kí a gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó parí.

ÀLEJÒ: Fọ́tò fóònù sàn ju òfo lọ, n kò ní pẹ̀gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n yíyàwòrán ni ó kéré jù nínú iṣẹ́ náà. Kí a tó ya á, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku rẹ̀, kí ó tẹ́ ibi tí ó ká, kí ó fi tákàdá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ilẹ̀ Jàpáàànù àti lẹ́ẹ̀ tí a fi ìyẹ̀fun àlìkámà sè di ibi tí ó ya. Lẹ́ẹ̀ yìí ni a ń lò nítorí pé omi lásán lè tú u bí ọ̀nà tí ó sàn bá dé lọ́la. Sẹ́lótéèpù ni kí ẹ má ṣe lò láéláé. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ a máa wọ inú tákàdá, a di àbàwọ́n tí kò ṣeé fọ̀. Ìwé tí ásíìdì ń jẹ, a lè fi èròjà kálísíọ́mù tàbí magnísíọ́mù pa ásíìdì náà, ṣùgbọ́n agbára tí ìwé náà ti pàdánù kò ní padà wá. Ẹ wá rí i pé ẹni tí ó bá fẹ́ gba irú ìwé ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn là, kí ó tó rún ni yóò ti dé.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ. A kì í tẹ ìwé àtijọ́ mọ́ ojú gíláàsì bí ẹni tí ń ṣe fọ́tókọ́pì. Ẹ̀yìn rẹ̀ yóò dá. Orí àga tí ó dàgẹ̀rẹ̀ ní ìhà méjèèjì ni a ń gbé e sí, kí ó ṣí díẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tí ń gba nǹkan, kámẹ́rà yóò sì máa wò ó láti òkè. Àwòrán náà gbọ́dọ̀ mọ́ tó àmì 300 sí 400 nínú ínǹsì kọ̀ọ̀kan, kí àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà má baà pòórá. Ojú ewé ìwé ìròyìn kan ṣoṣo, bí a bá pa á mọ́ láìfún un pọ̀, lè gba ju 100 mẹ́gábáìtì lọ. Èyí tí ó tóbi yìí ni a ń tì mọ́lé bí irúgbìn. Èyí tí a fún pọ̀ di kékeré ni a ń gbé fún àwọn òǹkàwé. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tí kò lókìkí, tí ó sì ṣe pàtàkì jù lọ lójú tèmi: kíkọ orúkọ. Kí ni àkọlé rẹ̀? Ta ni ó tẹ̀ ẹ́? Ọjọ́ wo ni? Ojú ewé wo ni ó sọnù? Mo ti rí ibi tí wọ́n ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ewé tí wọn kò kọ ohunkóhun sí i ju nọ́ńbà tí kámẹ́rà fún un lọ. Ìyẹn kì í ṣe ilé ìkàwé, òkìtì ni.

ATỌ́KÙN: Mo gbọ́ pé kọ̀ǹpútà lè ka ìwé náà fúnra rẹ̀, kí ó sì bá wa wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

ÀLEJÒ: Fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni, dé ìwọ̀n kan. Fún èdè tiwa, ẹ ní sùúrù. Wàhálà mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, ẹ̀kẹta ni ó sì gbayì jù. Àkọ́kọ́ ni àmì abẹ́ lẹ́tà. Ẹ̀rọ sábà máa ń rò pé ìdọ̀tí ni. Èkejì ni àmì ohùn. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, àti ọ̀kọ̀: baálé ilé kan, ohun èlò oko kan, ohun ìrìnnà kan, ohun ìjà kan. Bí ẹ̀rọ bá gbé àmì ohùn jù nù, gbogbo wọn di ọ̀kan náà. Nínú ètò lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé ń lò, ọ pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀ ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ pẹ̀lú àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ papọ̀ kò ní àyè kan ṣoṣo; a gbọ́dọ̀ to àwọn àmì náà pọ̀ ni. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan náà tí ènìyàn méjì tẹ̀ lè jọra lójú wa, kí ó má sì jọra lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kẹta ni àkọtọ́. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń wò wá rántí ìgbà tí a ń kọ «aiye», «eiye», àti «enia». Àtúnṣe tí ìjọba fi ọwọ́ sí ní ọdún 1974 sọ wọ́n di ayé, ẹyẹ, àti ènìyàn. Ọmọ tí ó bá tẹ «ayé» sínú kọ̀ǹpútà láti wá a nínú ìwé ìròyìn ọdún 1925 kò ní rí ohunkóhun, yóò sì rò pé àwọn baba rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ nípa ayé. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ni yóò kọ́ ẹ̀rọ ní àkọtọ́ méjèèjì. Owó nìkan kò lè ṣe é.

ATỌ́KÙN: Nígbà tí a bá ti wá ṣe gbogbo èyí tán, a lè fi ọkàn balẹ̀?

ÀLEJÒ: Rárá o. Ní ọdún 1086, nípa àṣẹ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ka ilẹ̀ àti dúkìá ìjọba rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sórí awọ ẹran. Ní ọdún 1986, ilé iṣẹ́ BBC gbé irú rẹ̀ tuntun jáde fún ẹgbẹ̀rún-ún kan ọdún tí ó dín ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì gbé e sórí àwo dísìkì ńlá tí kọ̀ǹpútà ìgbà náà ń kà. Kò tó ogún ọdún tí ẹ̀rọ tí ó lè kà á fi di ohun tí a ń wá kiri, tí àwọn onímọ̀ sì ń ṣe làálàá kí ó má baà ṣègbé. Èyí tí a kọ sórí awọ ṣì ṣeé kà títí di òní. Háàdì dísìkì inú kọ̀ǹpútà yín kì í sábà pẹ́ ju ọdún díẹ̀ lọ kí ó tó bàjẹ́. Nítorí náà, ẹ̀dà mẹ́ta ni a ń ṣe, lórí irú nǹkan méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú wọn sì wà ní ìlú mìíràn. A sì ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka fáìlì kọ̀ọ̀kan láti ìgbà dé ìgbà, kí ó ṣírò nọ́ńbà kan láti inú rẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá yàtọ̀ sí ti ọdún tí ó kọjá, a mọ̀ pé nǹkan ti jẹ fáìlì náà, a ó sì mú ẹ̀dà mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, máíkírófíìmù ni a gbójú lé, n kò sì tíì yí padà lórí rẹ̀. Èyí tí a ṣe dáadáa, tí a sì gbé sí ibi tí ó tutù, ni àwọn onímọ̀ ṣírò pé yóò lo ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà márùn-ún. Ìmọ́lẹ̀ àti gíláàsì tí ń sọ nǹkan di ńlá sì tó láti kà á. Irú rẹ̀ àtijọ́ ni kò dára, èyí tí ó jẹ́ pé bí ẹ bá ṣí agolo rẹ̀, òórùn ọtí kíkan ni yóò kọ lù yín. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn yẹn, ó ti ń jẹrà nìyẹn.

Ìjàm̀bá àwọn ọ̀daràn tún wà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, àwọn kan wọ inú kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé ńlá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn tí ó ni ín, wọ́n sì béèrè owó. Ilé ìkàwé náà kò san án. Ó di oṣù Kínní ọdún 2024 kí àwọn òǹkàwé tó tún lè wo àkójọ orúkọ ìwé rẹ̀, ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìwé tí ó wà lórí pẹpẹ kò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

ATỌ́KÙN: Èyí ha ń sọ pé kí a fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bí?

ÀLEJÒ: Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, iná yóò bi mí léèrè. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2021, iná láti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ wọ Yunifásítì Cape Town, ó sì jó yàrá ìkàwé Jagger, níbi tí àkójọ ìwé Áfíríkà wà. Àwọn ilẹ̀kùn tí kì í jẹ́ kí iná kọjá ni wọ́n gba èyí tí ó wà ní abẹ́ ilẹ̀ là. Omi tí a fi pa iná sì tún fẹ́ bà wọ́n jẹ́. Ní Tíḿbúkútù, ní ọdún 2012, nígbà tí àwọn oníjà gba ìlú, Abdel Kader Haidara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwé àfọwọ́kọ sínú àpótí irin, wọ́n fi ọkọ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ọkọ̀ ojú omi kó wọn lọ sí Bàmákò. Nǹkan bí 4,000 tí ó ṣẹ́kù sí ilé ìjọba ni a jó tàbí jí ní oṣù Kínní ọdún 2013. Ìwé tí a ti yàwòrán rẹ̀, bí iná bá jó o, a ṣì lè kà á. Èyí tí a kò yàwòrán rẹ̀ ti lọ.

Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Mo sọ èyí nítorí àwọn ọ̀gá tí wọ́n máa ń wí pé bí a bá ti ya ìwé tán, kí a da ti tákàdá nù, kí àyè lè wà. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ńlá ya ìwé ìròyìn wọn sórí máíkírófíìmù, wọ́n sì ta èyí tí ó jẹ́ tákàdá tàbí kí wọ́n dà á nù. Ní ọdún 2001, Nicholson Baker kọ ìwé kan tí ó fi bá wọn wí gidigidi, nítorí pé nígbà tí àwọn ènìyàn padà wo máíkírófíìmù náà, ojú ewé kan sọnù níhìn-ín, òmíràn ṣókùnkùn lọ́hùn-ún, tákàdá kò sì sí mọ́ láti tún un yà.

ATỌ́KÙN: Ta ni ó yẹ kí ó ni àwọn àwòrán náà, Màmá? Mo béèrè nítorí pé owó òkèèrè ni a sábà fi ń ṣe iṣẹ́ yìí.

ÀLEJÒ: Ìbéèrè gidi nìyẹn. Láti ọdún 2004 ni ilé ìkàwé ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ètò kan fún àwọn ìwé tí ó wà nínú ewu káàkiri ayé. Òfin ètò náà ni pé ìwé fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò ní ilẹ̀ tí ó wà. Ẹ̀dà àwòrán kan dúró nílé, ọ̀kan lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Mo fara mọ́ ọn. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí ẹ̀dà tí ó dúró nílé wà nínú àpótí ọ̀gá kan tí kò sí ẹni tí ó lè lò ó, kí akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn tó wá máa lọ ka Ìbàdàn lórí ojúlé àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀bi yẹn wà lọ́rùn wa.

Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tún wà níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 2022 fi ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀ fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó kọ ìwé. Fágúnwà kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1963; ó di òpin ọdún 2033 kí ìwé rẹ̀ tó di ti gbogbo ayé. Ilé ìkàwé lè ya á láti pa á mọ́, ṣùgbọ́n kò lè gbé e síta kí gbogbo ènìyàn máa mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí náà ni mo ṣe máa ń bínú sí àwọn tí wọ́n bá rí owó díẹ̀ gbà, tí wọ́n sì sáré lọ ya àwọn ìwé olókìkí tí ẹ̀dà rẹ̀ kún ọjà, kí àwọn àlejò lè pàtẹ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ ya èyí tí ó ku ẹyọ kan. Ẹ kọ́kọ́ ya èyí tí ó ń rún. Ìwé ìròyìn ni kí ó ṣáájú, kí ìwé àfọwọ́kọ tẹ̀ lé e. Fágúnwà lè dúró, ó wà ní ilé gbogbo wa. Orílẹ̀-èdè Norway bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006 láti ya gbogbo ohun tí ó wà ní ilé ìkàwé wọn pátá. Owó wa kò tó tiwọn, nítorí náà yíyàn ni tiwa, yíyàn náà sì gba ìgboyà.

ATỌ́KÙN: Kí ni ẹni tí ó wà nílé lè ṣe?

ÀLEJÒ: Kí ó gbé ìwé bàbá rẹ̀ kúrò lábẹ́ ibùsùn, kí ó sì gbé e sórí pẹpẹ irin tí kò kan ògiri. Kí ó má ṣe fi itọ́ tọ́ ìka láti ṣí i. Kí ó má ṣe gbé e fún àwọn tí ń fi ọ̀rá gbígbóná bo ìwé. Ooru náà ń pa á, kò sì ṣeé tú mọ́. Bí ó bá fẹ́ kọ ọjọ́ tàbí orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, pẹ́ńsù ni kí ó lò. Bí ó bá sì ní ìwé ìtàn ìlú kan tí kò rí irú rẹ̀ ní ibòmíràn, kí ó lọ fi han ilé ìkàwé tí ó súnmọ́ ọn, kí wọ́n yàwòrán rẹ̀ níṣojú rẹ̀, kí ó sì gbé e padà sílé.

ATỌ́KÙN: Màmá, àkókò wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọmọkùnrin tí ó ṣa èérún ìwé lọ ńkọ́? Ṣé ó padà rí lẹ́tà bàbá àgbà rẹ̀?

ÀLEJÒ: Ó rí i. A wádìí káàkiri títí a fi rí máíkírófíìmù ìwé ìròyìn náà ní ibòmíràn, ọjọ́ náà sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ya á nígbà náà kò tẹ́ ìwé náà dáadáa. Ibi tí a ti rán ìwé pọ̀ gbé ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan mì. Ó ka lẹ́tà náà títí dé ìsàlẹ̀. Orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí wà ní ìparí ìlà kan.